Nikasil inú ẹ́ńjìnì Jaguar: ẹ yé pè é ní sílíìfù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá Jaguar XJ8 àtijọ́ rà ní London, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ nikasil, ìyẹn nǹkan fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo ojú sílíńdà (ihò tí písítìnì ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀), bá ti délẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń kọ "sílíìfù", àwọn míì á ní "ọ̀dà sílíńdà", ẹnì kan tiẹ̀ ní "ike". Ike kẹ̀! Ike wo ló fẹ́ gbé ibi tí epo ti ń gbiná? Ike tó wà nínú ẹ́ńjìnì yẹn, ti tẹ́ńsọ́nà ṣéènì ni, ohun tó ń fa ṣéènì ẹ́ńjìnì le, òun náà sì máa ń là, ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì nìyẹn.

Èmi o, "awọ" ni mò ń pè é, awọ nikasil. Ọ̀dà ò bá a mu, torí ẹwà la ṣe ń kun ọ̀dà, ẹ sì lè họ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tún un kùn nínú ọgbà yín. Awọ ló ń bo ara tó sì ń jìyà gbogbo nǹkan tó bá kan ara. Wọ́n ní àwọn èèyàn á ṣì í kà bí "àwọ̀" tí a fi ń kun ilé, ẹ fi àmì ohùn sí i, ó tán.

Ẹni tó ní sílíìfù ló bí mi nínú jù. Sílíìfù ní iṣẹ́ tiẹ̀, irin roboto tó máa ń wà nínú ihò búlọ́ọ̀kù ni, gbogbo mẹkáníìkì ló mọ̀ ọ́n. V8, ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́jọ tí Jaguar gbé jáde nínú mọ́tò XK8 lọ́dún 1996, tó wá wọ XJ8 ní 1997, kò ní in rárá. Búlọ́ọ̀kù alumíníọ́ọ̀mù ni, wọ́n wá fi níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n po sílíkọ́ọ̀nù kábáìdì mọ́ bo ojú sílíńdà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó le koko, písítìnì ń yọ̀ lórí ẹ̀, ó fúyẹ́, ooru sì ń tètè jáde. BMW náà lò ó, ojú wọn náà sì rí nǹkan. Nígbà tó di 2000 Jaguar pa á tì, wọ́n wá fi sílíìfù irin sí i. Tẹ́ ẹ bá ti pe ti àkọ́kọ́ ní sílíìfù, kí lẹ fẹ́ wá pe èyí?

Ohun tó bà á jẹ́ ni imí ọjọ́ inú pẹtiróò. Tí wọ́n bá sítáàtì mọ́tò lówùúrọ̀ òtútù, wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ìwé nítòsí, wọ́n pa á kó tó gbóná dáadáa, omi inú èéfín á rọ̀ mọ́ sílíńdà, òun àti imí ọjọ́ á di ásíìdì, ásíìdì á máa jẹ awọ. Ẹ rántí abọ́ tánńganran funfun tó ní ìlà búlúù létí, tí funfun yẹn bá ṣì pé ẹ fi jẹun títí, àmọ́ ibi tó bá ti bó péré, bó ṣe bí èékánná ni, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ tó máa padà. Kọ́mpíréṣàn, ìyẹn agbára atẹ́gùn tí písítìnì fún pọ̀, á máa gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì tó yí písítìnì ká sá lọ. Ẹ máa sún mọ́tò kúrò lẹ́nu géètì, ẹ pa á, lọ́jọ́ kejì ẹ sítáàtì ẹ̀, á kàn máa yí fìrìfìrì, kò ní gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀ sá fún gbogbo nikasil. Jaguar pààrọ̀ ẹ́ńjìnì fún ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà yẹn, òfin Yúróòpù náà sì fa imí ọjọ́ wálẹ̀ sí 150 nínú mílíọ̀nù kan ní 2000, 50 ní 2005, 10 ní 2009. Èyí tí awọ ẹ̀ ṣì pé lónìí, pẹtiróò ibí ò fi bẹ́ẹ̀ lè ṣe é ní nǹkan mọ́. Ẹ ní kí wọ́n wọn kọ́mpíréṣàn sílíńdà mẹ́jọ̀ẹ̀jọ, tí wọ́n bá súnmọ́ra tí wọ́n sì ga, ẹ sanwó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá awọ tàbí sílíìfù ló wà nínú ẹ̀, ẹ má wo ọdún tó wà nínú ìwé mọ́tò o, nọ́ńbà ẹ́ńjìnì ni kẹ́ ẹ wò, torí ọdún, oṣù àti ọjọ́ tí wọ́n tò ó ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé tiẹ̀ lọ sí Lagos, kó wá onísílíìfù rà, òfin ilé wa ṣì fàyè gba imí ọjọ́ ju tibí lọ.