Táyà tó ń ha fẹ́ńdà lẹ́yìn ìpààrọ̀ sípíríǹgì

Táyà ń ha nígbà tí rọ́bà rẹ̀ bá ń fara kan fẹ́ńdà, ike inú fẹ́ńdà tàbí ṣọ́ọ̀kù bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Ó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ tí wọ́n fi sípíríǹgì kúkúrú tàbí coilover (ṣọ́ọ̀kù àti sípíríǹgì tó wà pọ̀, tí a lè yí gíga rẹ̀) rọ́pò èyí tó bá a wá láti iléeṣẹ́, torí pé bí ara ọkọ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀, àyè orí táyà dín kù nìyẹn. Rímù tuntun a tún máa dá kún un. Táyà 205/55R16 àti 225/45R17 fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà, ṣùgbọ́n èkejì fi mílímítà 20 fẹ̀ ju èkíní lọ.

Ibi tó ti ń ha ni kí a kọ́kọ́ wá, nítorí ohun tó wo híha inú sàn lè sọ ti ìta di ńlá. A lè fi ẹfun kun èjìká táyà, kí èrò jókòó sẹ́yìn, kí a wa ọkọ̀ gba orí bọ́m̀pù díẹ̀díẹ̀, kí a sì yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún lósì. Ibi tí ẹfun bá ti parẹ́ ni ìṣòro wà.

Bó bá jẹ́ inú, lára ṣọ́ọ̀kù, spacer, ìyẹn irin pẹlẹbẹ mílímítà 3 tàbí 5 tí a ń fi sáàárín họ́ọ̀bù àti rímù, lè tì í síta tó. Ẹ má fojú kékeré wo bóòtù rímù o: bí kò bá gùn tó láti wọlé dáadáa, rímù lè yọ lórí eré. Bó bá jẹ́ ìta, spacer yẹn gan-an ló máa bà á jẹ́ sí i. Rímù ET45 dípò ET35 (ET ni iye mílímítà tí ojú tí rímù fi ń kan họ́ọ̀bù fi jìnnà sí àárín fífẹ̀ rímù) máa ń fa táyà wọlé ní mílímítà 10, bí fífẹ̀ rímù méjèèjì bá dọ́gba. Dída orí táyà sínú, ìyẹn kámbà, náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bó bá pọ̀ jù, etí inú táyà á tètè jẹ.

Etí fẹ́ńdà tí wọ́n ṣẹ́ sínú ṣeé tẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ họ́ọ̀bù. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ooru mú ọ̀dà rọ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, nítorí ibi tí ọ̀dà bá ti sán ni ìpẹtà ń gbà wọlé.

Ní ti coilover, gbígbé e sókè díẹ̀ ló rọrùn jù, ó sì máa ń tó nígbà púpọ̀. Gígé sípíríǹgì ò dáa rárá: ó lè fò kúrò ní ìjókòó rẹ̀ bí táyà bá rọ̀ sínú kòtò. Lẹ́yìn àtúnṣe èyíkéyìí tó kan gíga ọkọ̀ tàbí kámbà, ó di dandan láti ṣe aláínmẹ́ǹtì. Táyà tó ti ha títí okùn inú rẹ̀ fi hàn kò ṣeé lẹ̀, tuntun ni kí a rà.