Ẹ Má Di Ẹ̀bi Ibà Ru Oòrùn Mọ́

Nínú ọgbà ilé tí mo ń gbé ní Ṣómólú, bí èèyàn bá ní òun fẹ́ lọ rìn nínú igbó lọ́sàn-án Sátidé, ejò kọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ fi dẹ́rù bà á. Oòrùn ni. "Nínú oòrùn yìí? Ṣé kò ní di ibà sí ọ lára báyìí?" Màmá alágbo tó ń tajà lẹ́nu géètì wa tilẹ̀ ti sọ ọ́ di ìpolówó ọjà: ká mu ife kan ká tó lọ, ká mu méjì nígbà tí a bá dé, "torí oòrùn Èkó yìí, ọkọ mi, ibà ló wà nínú ẹ̀."

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Bí o bá gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án, ibà. Bí o bá kiri ọjà lábẹ́ oòrùn, ibà. Bí o bá jẹ dòdò tó kún fún òróró, ibà náà ni. Ìyá mi gbà á gbọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tíṣà tó kọ́ mi níwèé. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í fa ibà. Ẹ̀fọn ló ń fà á, abo ẹ̀fọn sì ni, torí akọ kì í mu ẹ̀jẹ̀.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwa mẹ́rin gbéra lọ sí Lekki Conservation Centre, ọgbà igbó tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990 lójú títì Lẹ́kkì sí Ẹ̀pẹ́. Hẹ́kítà 78 ni gbogbo rẹ̀. Afárá pákó ni à ń tọ̀ gba orí àbàtà kọjá, àwọn ọ̀bọ mona a máa fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, awọ́nríwọ́n a sì wọ́ kọjá bí ọmọ onílẹ̀ tó wá wo ilẹ̀ rẹ̀. Afárá òkè igi, tó gùn ní mítà 401, ni ọ̀pọ̀ èèyàn torí ẹ̀ wá. Èmi kì í gùn ún lẹ́ẹ̀mejì, òòyì a máa kọ́ mi. Abẹ́ ibòji ni èèyàn máa ń wà fún ọ̀pọ̀ jù nínú ìrìn náà. Ibi tí oòrùn ti nà wá lọ́jọ́ yẹn ni ìdí ọkọ̀ ní Ọbáléndé, níbi tí a dúró sí de bọ́ọ̀sì Ajah. Kò sẹ́ni tó bú Ọbáléndé. Igbó ni wọ́n bú.

Torí nígbà tó di Mọ́ńdè, ara Bàbá Ìbejì, ọ̀kan nínú wa, gbóná. Ó ń gbọ̀n, orí ń fọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ń lu agogo nínú ẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, ibà ni lóòótọ́. Lójú àwọn ará ilé, ẹjọ́ ti parí nìyẹn: Sátidé ló rìn lóòrùn, Mọ́ńdè ni ibà dé, kí la tún ń wá?

Ọjọ́ là ń wá. Bí ẹ̀fọn tó ní kòkòrò ibà bá gé èèyàn jẹ lónìí, kòkòrò náà kì í dá a dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń sá lọ. Ibẹ̀ ni yóò fara pamọ́ sí fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, tí yóò máa bí sí i, tí ẹni tó ni ẹ̀dọ̀ kò sì ní mọ nǹkan kan: ó ń jẹun, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń lọ òde. Ìgbà tí àwọn ọmọ tó bí bá tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa kiri, ni ara tó máa gbóná. Ó kéré tán, ọjọ́ 7. Ọjọ́ 10 sí 15 ló wọ́pọ̀ jù.

Láti Sátidé sí Mọ́ńdè, ọjọ́ méjì péré. Kódà bí gbogbo ẹ̀fọn Lẹ́kkì bá para pọ̀ jẹ Bàbá Ìbejì láti orí dé ẹsẹ̀, ibà Mọ́ńdè yẹn kò lè jẹ́ tiwọn. Mo ní kó rò ó sẹ́yìn: níbo lo wà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn? Ó rò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìkòròdú ló wà, níbi àìsùn bàbá ìyàwó ẹ̀, lábẹ́ kánópì, láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, nínú ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé. N kò lè búra pé ibẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ní Ṣómólú níbí.

Anopheles ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri. Bó bá bà léni lára, ìdí ló máa ń gbé sókè, bí ẹni tó fẹ́ tàkìtì. Òru ni ọjà tirẹ̀ ń ná: ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìgbà tí èèyàn bá sì ti sùn wọra, láti ọ̀gànjọ́ lọ sí ìdájí, ló máa ń ṣiṣẹ́ jù. Lọ́sàn-án gangan, ó ti sá sí kọ̀rọ̀ tó tutù, torí oòrùn líle lè gbẹ ẹ́ pa. Wákàtí tí à ń bẹ̀rù ni ẹ̀fọn náà ń bẹ̀rù. Wákàtí tí ọkàn wa balẹ̀ sí, nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí gbogbo ilé gbé àga síta láti gba atẹ́gùn, tàbí tí a jókòó ti bọ́ọ̀lù òyìnbó títí di aago mọ́kànlá, ìgbà yẹn gan-an ló ń jẹun.

Kí ló wá dé tí ìgbàgbọ́ yìí kò kú? Mo rò pé èdè wa lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ohun tí Yorùbá ń pè ní ibà gbòòrò ju àìsàn ẹ̀fọn lọ. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wà, ibà jẹ̀funjẹ̀fun wà. Ara tó bá ti gbóná, tó sì ń roni, ibà ni. Àgbà tó ní oòrùn ń fa ibà nígbà náà lè má purọ́, torí ara ẹni tó pẹ́ lóòrùn máa ń gbóná, orí a fọ́ ọ, oúnjẹ a kọ̀ ọ́ lẹ́nu. Wàhálà dé nígbà tí ibà di orúkọ àìsàn kan pàtó nílé ìwòsàn, tí àwa sì gbé ẹ̀sùn àtijọ́ kà á lórí. Ìdí kejì rọrùn: ní Èkó yìí, ta ni kì í rìn lóòrùn? Ọjọ́ yòówù kí ibà dé, o ti rìn lóòrùn lánàá.

Àwọn òyìnbó náà ṣìnà tiwọn. Malaria tí wọ́n ń pè é, afẹ́fẹ́ burúkú ló túmọ̀ sí lédè Ítálì, torí wọ́n gbà pé òórùn àbàtà ló ń fà á. Ọdún 1880 ni Alphonse Laveran, dókítà ọmọ Faransé, rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Àlìjíríà. Ní 1897, Ronald Ross rí i nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, William MacGregor, tí òun náà jẹ́ dókítà, di gómìnà Èkó. Ó ní kí wọ́n máa pín kíníìnì, oògùn ibà ìgbà yẹn, ó dojú kọ àbàtà tó yí erékùṣù ká, ipa omi tí wọ́n gbẹ́ sáàárín Èkó àti Ìkòyí sì ń jẹ́ MacGregor Canal. Bí oòrùn bá ni ọ̀daràn, kí ni wọ́n ń wá lọ sídìí àbàtà?

Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa á wá bi mí pé: àbàtà kọ́ ni igbó Lẹ́kkì yẹn fúnra ẹ̀? Àbàtà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń jáde níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, tí mo sì máa ń wọ aṣọ alápá gígùn. Ẹ̀fọn mìíràn tún wà, èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ní ìlà funfun àti dúdú, tó máa ń jẹni lọ́sàn-án lábẹ́ ibòji. Ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni ìyẹn ń gbé kiri ní tiẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ wà, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ti tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn títí ọjọ́ ayé wọn.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi oòrùn ṣeré o. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ tiẹ̀. Ẹni tó bá làágùn púpọ̀ láìmu omi, orí ẹ̀ á fọ́, òòyì á kọ́ ọ, iṣan ẹsẹ̀ á máa fà á, èébì á máa gbé e. Bó bá bọ́ sábẹ́ ibòji, tó mu omi tí a fi iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ sí, ara sábà máa ń balẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ibà kì í gbọ́ ti omi: òtútù á máa mú ọ nínú ooru, yóò dà bí ẹni pé ó ti lọ, yóò tún padà dé. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà lóòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, tí ara ẹ̀ gbóná janjan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì máa da omi tútù sí i lára bí ẹ ti ń lọ. Ẹni tó bá jẹ́ SS láàárín yín, ìyẹn ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ má jẹ́ kó bá yín sáré, ẹ má sì jẹ́ kí omi tán lọ́wọ́ ẹ̀; àìtó omi lára lè jí ìrora ẹ̀ dìde.

Ohun tó ń bí mi nínú ni oògùn. Ẹni tí òùngbẹ ń pa á sá lọ gbé oògùn ibà mì, ara á sì balẹ̀ torí pé ó sùn, ó sì mu omi. Yóò wá búra fún ọ pé oògùn ló ṣiṣẹ́. Ẹni tí ibà ń bá jà ní tòótọ́ á ní oòrùn lásán ni, á dúró dọjọ́ kẹrin. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan láti orí ìka, ìṣẹ́jú 15 sí 20, àyẹ̀wò pélébé tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì á sọ èyí tó jẹ́. Kò wọ́n tó páálí oògùn tí o kò nílò.

Mo ti ṣàlàyé gbogbo èyí fún Màmá alágbo, lórí ìjókòó, pẹ̀lú ìṣírò ọjọ́ Bàbá Ìbejì. Ó gbọ́ ọ dópin. Ó tún ìgò ẹ̀ tò, ó wò mí lójú, ó ní: "Ó dáa, ọkọ mi. Tí oòrùn ò bá fa ibà, ṣé wàá tún sọ pé ṣúgà ò fa jẹ̀dí?"

Mo dá a lóhùn pé ó di Sátidé tó ń bọ̀.