Mímí Hẹlẹhẹlẹ Kì Í La Ojú Inú

Ẹni kẹta rèé tó wá bá èmi dókítà lóṣù yìí. Ó jókòó, ó ní òun ti fi ẹ̀sìn sílẹ̀, ayé wá ṣófo lójú òun, kí n bá òun la ojú inú òun. Mo bi í ohun tó ti ṣe. Ó ní fídíò kan ló ní kí òun máa mí hẹlẹhẹlẹ fún ìṣẹ́jú 30, pé ìka òun ń ṣe bí ìgbà tí èèrà ń rìn níbẹ̀, agbára àgbáyé ló ń wọlé.

Agbára wo?

Bí a ṣe ń jókòó ṣàṣàrò, n kò ní kọ ìyẹn. Ẹni tó lè jókòó wo tẹlifíṣọ̀n lè jókòó ṣàṣàrò. Ti èémí yìí ni kí ẹ jẹ́ kí n là yé yín, nítorí ó ti sú mi. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ọ́síjìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mí kíákíá. Kò sí àyè tí yóò kó èyí tó ń fà símú sí. Carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí ara ń mí síta, ló kàn ń tú dànù. Bí ìyẹn bá sì ti dínkù, òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ á fún, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ á dínkù, òòyì á kọ́ni. Ẹ̀jẹ̀ á pàdánù díẹ̀ nínú kíkan rẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù tó yẹ kó máa rìn fàlàlà nínú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ èròjà mìíràn, iṣan á wá máa ta láìnídìí. Èèrà yẹn nìyẹn. Nígbà mìíràn ìka á ká kò bí èékánná ẹyẹ. Ẹni tó bá ní wárápá tàbí àrùn ọkàn, tàbí tó wà nínú oyún, kó yàgò fún un pátápátá.

Ẹni tó sá fún wòlíì, tó wá ń sanwó fún "olùkọ́ èémí" orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé ó kúrò lójú kan?

Lọ́dún 1979 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Jon Kabat-Zinn, bọ́ aṣọ ẹ̀sìn lára àṣàrò, tó gbé e wọ ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà fún àwọn tí ìrora kò fi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni, kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ kan. Ní ti ìtumọ̀ ayé, Viktor Frankl, dókítà àrùn ọpọlọ ará Vienna tó la àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Nazi ti Jámánì já, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1946: iṣẹ́ tí o ń ṣe, ẹni tí o fẹ́ràn, àti bí o ṣe ń gbé ìyà tí kò ṣeé yẹ̀. Mo máa ń fi ẹ̀kẹrin kún un fúnra mi: ẹ máa sùn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin kan pè mí laago mẹ́ta òru. Gbogbo nǹkan ló so mọ́ra, ó ní. Nọ́ńbà ara mọ́tò ń bá òun sọ̀rọ̀. Mo bi í ìgbà tó sùn kẹ́yìn. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Dókítà, ẹni tó ti jí kì í sùn mọ́." Ọjọ́ mẹ́rin! Ó ti pín owó oṣù rẹ̀ tán fún àwọn tí kò mọ̀ rí. Olùkọ́ rẹ̀ orí fóònù ní kó máa bá a lọ, pé ó kù díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gba fóònù, ó ní inú òun tiẹ̀ dùn pé ó ń rẹ́rìn-ín, ó ti fajú ro láti ọdún tó kọjá.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá a nílé. Ilé ìwòsàn ni." Àìsàn ọpọlọ ni, mania ni wọ́n ń pè é, ó ní oògùn. Bí ẹ bá rí àìsùn àti ọgbọ́n òjijì pọ̀ lára ẹnìkan, ẹ má dúró gbọ́ ìran tó ń rí.

Ó padà wá lẹ́yìn oṣù méjì, ó sanra díẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní àárò ìmọ́lẹ̀ tí òun rí nígbà yẹn ṣì ń sọ òun. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo bi í wákàtí tó sùn lánàá. Ó ní méje. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ká tó sọ nǹkan mìíràn.