"Hail Mary": Bọ́ọ̀lù Àdúrà Tí Roger Staubach Fi Sí Ayé Lẹ́nu

Ẹni tí ó bá ń wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ jù ju bí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ gbá a lọ, kò ní pẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí ibùgbé rẹ̀ gan-an jẹ́ ilé ìjọsìn: "Hail Mary". Àwọn tí a tọ́ dàgbà nínú ìjọ Àgùdà mọ àdúrà náà dáadáa, nítorí òun ni wọ́n ń tún kà léraléra bí wọ́n ti ń ka ìlẹ̀kẹ̀ rósárì, kíkí tí áńgẹ́lì kí Màríà ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Lórí pápá, ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún ni bọ́ọ̀lù tí a jù sí ọ̀nà jíjìn réré nígbà tí àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí àmì ẹgbẹ́ tí ó jù ú kò tó ti alátakò, tí kò sì sí ọgbọ́n mìíràn tí wọ́n lè dá mọ́. Wọ́n jù ú, wọ́n sì fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Kí èyí tó lè yé ni, ó yẹ kí a mọ bí eré náà ṣe ń lọ. Pápá gùn ní 100 yáàdì láti ìlà ìparí kan dé èkejì. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti fi sún síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n tún gba mẹ́rin mìíràn, bí wọn kò bá sì lè ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Gbígbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ìparí ni wọ́n ń pè ní touchdown, àmì 6 ni èrè rẹ̀. Quarterback ni ẹni tí ó ń darí gbogbo èyí: ọwọ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ máa ń bọ́ sí, òun ni ó ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún àwọn yòókù, òun náà ni yóò sì pinnu láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nígbà tí àwọn òmìrán ń sáré bọ̀ láti gbé e ṣánlẹ̀, ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù sí. Jíjù tí ó wọ́pọ̀ kò jìn, nítorí bọ́ọ̀lù tí ó bá pẹ́ lókè máa ń fún alátakò láàyè láti dé ìdí rẹ̀.

Hail Mary ti òde òní ní ètò tirẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ eré mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìyẹn àwọn tí ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù tí quarterback bá jù, yóò sáré tààrà lọ sí ibì kan náà lẹ́yìn ìlà ìparí, quarterback yóò sì ju bọ́ọ̀lù sókè fíofío kí ó lè bọ́ sáàárín èrò. Ọ̀kan nínú àwọn tirẹ̀ yóò fò láti gbà á, ọ̀kan yóò dúró níwájú, ọ̀kan yóò dúró lẹ́yìn, torí pé bọ́ọ̀lù tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ bá jà sí sábà máa ń ta sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn alátakò tí ń ṣọ́ ilé kì í gbìyànjú láti gbà á. A ti kọ́ wọn pé kí wọ́n gbá a lulẹ̀, nítorí bí ó bá ti kan ilẹ̀, eré parí. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi àlàyé yìí sọ́kàn, nítorí ohun tí ó sọ orúkọ náà di ti gbogbo ayé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Orúkọ náà ti wà kí Roger Staubach, quarterback ẹgbẹ́ Dallas Cowboys, tó dé. Ní yunifásítì Notre Dame, tí í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Àgùdà ní ìpínlẹ̀ Indiana, Jim Crowley tí ó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn nígbà náà máa ń sọ ìtàn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn pẹ̀lú Georgia Tech ní ọdún 1922. Ó ní nígbà tí ọ̀nà dí, ọ̀kan nínú wọn tí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ Presbyterian dábàá pé kí wọ́n ka Hail Mary kí wọ́n tó gbìyànjú. Wọ́n kà á, wọ́n jẹ touchdown, wọ́n tún kà á nígbà kejì, ó sì tún rí bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Àgùdà ni ọ̀rọ̀ náà ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sì ń lò ó fún ìgbìyànjú èyíkéyìí tí ó bá nira, ìbáà jẹ́ ọ̀nà jíjìn tàbí ìtòsí.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1975, ẹgbẹ́ Dallas Cowboys lọ bá Minnesota Vikings ní pápá Metropolitan Stadium ní ìlú Bloomington, nínú ìdíje tí ẹni tí ó bá fìdí rẹmi yóò lọ sílé títí di sáà tí ń bọ̀. Vikings ti borí nínú 12 lára ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14 tí wọ́n gbá ní sáà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì ka Cowboys kún. Nígbà tí bọ́ọ̀lù padà dé ọwọ́ Roger Staubach, kò tó ìṣẹ́jú méjì tí ó kù. Vikings ní àmì 14, Cowboys ní 10, itòsí ìlà tiwọn ni wọ́n sì wà, tí ó jẹ́ pé ó ku yáàdì bíi 85 kí wọ́n tó dé ibi tí ìyè wà.

Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́yìn ẹja. Ó di ìgbìyànjú kẹrin, yáàdì 16 ni wọ́n sì nílò. Staubach ju bọ́ọ̀lù sí Drew Pearson, ẹlẹ́sẹ̀ eré Cowboys, ní etí pápá lọ́wọ́ ọ̀tún, Pearson sì gbà á ní ìdajì pápá gẹ́lẹ́. Ká ní èyí jábọ́ ni, a kì bá tí máa sọ ìtàn kankan lónìí. Lójú tèmi, òun ni jíjù tí ó ṣòro jù lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ lórúkọ.

Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú àáyá 32, Staubach tún gba bọ́ọ̀lù. Pearson sáré gba apá ọ̀tún, Nate Wright ti Vikings sì ń sáré tẹ̀ lé e. Ẹni tí Staubach ń bẹ̀rù ni Paul Krause, ògbóǹtarìgì adènà tí ó wà ní àárín, tí ó mọ bí a ti ń já bọ́ọ̀lù gbà lójú òfuurufú. Nítorí náà ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí yóò jù ú sí òsì kí ó lè dá Krause dúró, kí ó tó yí sí ọ̀tún tí ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ jù ú. Bọ́ọ̀lù náà kúrú díẹ̀. Pearson rí i, ó dẹ ẹsẹ̀ láti pàdé rẹ̀, Wright ṣubú, bọ́ọ̀lù sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí Pearson, níbi tí ó ti fi apá há a mọ́ra, ó sì gbé e wọlé. Ohun pupa rúsúrúsú kan yí kọjá lórí koríko, àwọn kan sì kọ́kọ́ rò pé aṣọ tí rẹfirí fi ń kéde ẹ̀ṣẹ̀ ni, àṣé ọsàn tí òǹwòran kan sọ sínú pápá ni. Cowboys 17, Vikings 14.

Wọ́n ti gbé Staubach ṣubú bí ó ti ju bọ́ọ̀lù náà tán. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi í léèrè lẹ́yìn eré, òun tí a bí sínú ìjọ Àgùdà ní ìlú Cincinnati dáhùn pé òun di ojú òun, òun sì ka Hail Mary kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlẹ́sìn ni, kò sí èrò orúkọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìròyìn gbé e, láti ìgbà náà ni kò sì ti tún sí orúkọ mìíràn fún irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tí ń lo ọ̀rọ̀ náà mọ̀ nìyí: bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà kì í ṣe àfọ́jújù. Ẹnì kan ṣoṣo ni Staubach jù ú sí, kì í ṣe èrò. Òun àti Pearson ti sọ ọ̀nà tí Pearson yóò gbà sáré kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó sì fi ojú tan Krause kí ó tó jù ú. Gbogbo ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè ṣe ni ó ti ṣe kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ń fi Hail Mary pe ìwà àìbìkítà, bóyá nínú òṣèlú tàbí nínú òwò, ń gba ìdajì ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí náà ni ó jẹ́ kí ìrántí rẹ̀ máa dùn mọ́ àwọn olólùfẹ́ Cowboys tí wọ́n ti di arúgbó báyìí, nítorí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ Staubach. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1972, San Francisco 49ers ń fi àmì 28 sí 13 lù wọ́n nínú ìdíje tí ẹni tí ó bá fìdí rẹmi yóò lọ sílé. A mú Staubach wọlé láti orí àga, ó sì jẹ touchdown méjì láàárín ìṣẹ́jú méjì tí ó kẹ́yìn, wọ́n borí pẹ̀lú 30 sí 28. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1979, ó tún yọ wọ́n lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Washington pẹ̀lú 35 sí 34. Captain Comeback ni wọ́n ń pè é, oyè ológun náà sì yẹ ẹ́: ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi ni ó ti gba ẹ̀bùn Heisman, tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tí ó dára jù lọ, ní ọdún 1963, ó sì sin orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, tí ó fi kan Vietnam, kí ó tó dé Dallas ní ọdún 1969 gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọdún 27 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó gba ife Super Bowl, ìyẹn ife àṣekágbá wọn, lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Minnesota, ìrántí náà korò. Wọ́n gbà títí di òní pé Pearson fi ọwọ́ ti Wright ṣubú, pé ó sì yẹ kí rẹfirí kéde ẹ̀ṣẹ̀. Nínú ìbínú ọjọ́ náà, ẹnì kan ju ìgò ọtí láti àárín èrò, ó sì bá rẹfirí Armen Terzian ní iwájú orí, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Èyí tí ó burú jù ni pé lẹ́yìn eré ni Fran Tarkenton, quarterback Vikings, gbọ́ pé bàbá òun ti kú ní Georgia níbi tí ó ti ń wo eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ti wó pápá náà. Ọjà ńlá Mall of America ni ó wà níbẹ̀ lónìí.

Àwọn mìíràn ti jù ú láti ìgbà náà. Èyí tí ó lókìkí jù ni ti Doug Flutie ti Boston College, tí í ṣe yunifásítì àwọn Jesuit, ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1984, nígbà tí ó jù ú kọjá orí àwọn adènà Miami sí ọwọ́ Gerard Phelan bí àkókò ti ń tán lọ, wọ́n sì borí pẹ̀lú 47 sí 45. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí pápá pẹ̀lú. Ọmọ Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ ní Dallas tàbí Houston lè gbọ́ ọ lẹ́nu agbẹjọ́rò tàbí oníṣòwò, ohun tí wọ́n sì ní lọ́kàn ni ìgbìyànjú ìkẹyìn.

Staubach fi eré sílẹ̀ ní ọdún 1980, lẹ́yìn tí orí rẹ̀ ti fara gbá ju bí ó ti yẹ lọ, a sì fi í sí ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù ní ọdún 1985. Pearson dúró títí di ọdún 2021 kí tirẹ̀ tó dé. Nọ́ńbà 88 tí Pearson wọ̀ ti di ogún tí Cowboys ń gbé lé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ eré wọn lọ́wọ́: Michael Irvin wọ̀ ọ́, Dez Bryant wọ̀ ọ́, CeeDee Lamb náà wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 12 ti Staubach, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà kò kéde rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti di èèwọ̀, kò sí ẹni tí ó tún gbé e wọ̀ láti ìgbà tí ó ti bọ́ ọ sílẹ̀.