Bí Onílàjà Ṣe Ń Fi Fóònù àti Íntánẹ́ẹ̀tì Parí Ìjà ní Ilẹ̀ Ọ̀kun

Irú ìjà kan wà tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Ọ̀kun, ìyẹn ìwọ̀-oòrùn Kogí, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Bàbá kú, ó fi oko kaṣú àti ilẹ̀ ilé sílẹ̀. Àkọ́bí wà ní Èkó, èyí tó tẹ̀lé e ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbújá, àbúrò wọn obìnrin wà ní Chicago, àbíkẹ́yìn nìkan ló wà nílé tó ń dá oko náà. Ẹnì kan ta pílọ́ọ̀tì kan, ariwo bẹ́ sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á dúró de Kérésìmesì tàbí ìsìnkú àgbà míì kí gbogbo wọn tó lè fojú kan ara wọn. Nígbà náà, ẹni tó ra ilẹ̀ á ti kó búlọ́ọ̀kù débẹ̀, lọ́yà á sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Onílàjà tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun gbèrú kò lè máa dúró de Kérésìmesì. Ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti wúlò fún un jù nìyẹn: ó ń bá a pe ẹni tí kò sí nílé wá sídìí ọ̀rọ̀.

Onílàjà kì í ṣe adájọ́. Kì í dá ẹnikẹ́ni láre, kì í sì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àwọn oníjà fúnra wọn ló máa sọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa parí sí, tirẹ̀ ni kó bá wọn débẹ̀. Àwọn àgbà ti ń ṣe irú rẹ̀ ní agboolé tipẹ́. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni bí òfin ṣe gbé e lárugẹ. Òfin Nàìjíríà lórí ìlàjà, Arbitration and Mediation Act, tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tó rọ́pò òfin ọdún 1988, sọ pé àdéhùn tí àwọn oníjà bá ṣe níwájú onílàjà dè wọ́n, ilé ẹjọ́ sì lè mú un ṣẹ. Ó tún sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ nídìí ìlàjà. Ẹ mú ọ̀rọ̀ àṣírí yìí dání, nítorí òun la máa fi wọ̀n gbogbo irinṣẹ́ tó kù. Ní ọdún 2001, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ará Amẹ́ríkà, Ethan Katsh àti Janet Rifkin, pe ẹ̀rọ ní ẹnì kẹrin nídìí ìlàjà: oníjà méjì, onílàjà, ẹ̀rọ sì ṣìkẹrin. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹnì kẹrin yìí lẹ́nu, bí wọn ò bá ṣọ́ ọ, á rojọ́ síta.

Orí fóònù lásán ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Onílàjà á pe oníkálukú lọ́tọ̀, á jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán, torí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n kó tó gba iṣẹ́ náà rárá, ó gbọ́dọ̀ wò ó bóyá òun àti ọ̀kan nínú wọn tan. Ní Èkó, ìyẹn lè má le. Ní Ìyàrà tàbí Mọ̀pà ńkọ́, ta ni kò tan mọ́ ta? Ìyá onílàjà lè wá láti agboolé ẹni tó gbé ẹjọ́ wá, òun àti ẹnì kejì sì lè jọ máa kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà. Ohun tó bá lè mú kí wọ́n rò pé ó máa gbè sẹ́yìn ẹnì kan, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún tọ̀tún-tòsì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ tó ń bá a ṣe èyí kò dùn-ún wò rárá: ojú ìwé Excel tàbí Google Sheets kan tó ní orúkọ gbogbo ẹni tó ti bá ṣiṣẹ́ rí, agboolé wọn, ìlú wọn, àti lọ́yà wọn. Bí ẹjọ́ tuntun bá dé, á wá orúkọ ìdílé náà níbẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó máa wí lọ́la pé àna rẹ̀ ló ń gbè.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé tó sọ bí ìlàjà náà ṣe máa rí, tó máa ń lọ ní PDF lórí WhatsApp. Bàbá àgbàlagbà nínú ẹbí tí kò mọ̀wé kò rí nǹkan fi PDF ṣe; ohùn ló fẹ́. Onílàjà á kà á sínú voice note ní ẹ̀ka èdè tí bàbá náà ń sọ, Òwé ni o, Ìjùmú ni o, Yàgbà ni o, kókó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú voice note tirẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó máa padà gbọ́ ohùn oníṣẹ́jú mẹ́wàá nítorí gbólóhùn kan. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ dán wò ni kó kó àwọn oníjà sínú group WhatsApp kan náà. Kò sí ohun tó ń ba ìlàjà jẹ́ kíákíá tó o. Ẹ̀gbọ́n á bínú ní aago 11 alẹ́, á sọ̀rọ̀ burúkú, ẹnì kan á darí rẹ̀ sí group ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kílẹ̀ tó mọ́, ó ti dé Houston. Broadcast list sàn jù. Ìkéde kan náà á dé ọ̀dọ̀ oníkálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa rí èsì ẹnì kejì. Àmọ́ kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tọ́jú nọ́ńbà onílàjà sínú fóònù rẹ̀, nítorí náà ohun tó máa kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n nìyẹn.

Ìpàdé fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Aago mẹ́jọ alẹ́ ní Ìsánlú, aago kan ọ̀sán ni ní Chicago nígbà òtútù, ó sì máa ń di aago méjì nígbà tí wọ́n bá sún aago wọn síwájú. Google Calendar á fi aago ìlú oníkálukú hàn án, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ orí. Zoom tí wọn ò sanwó fún máa ń já lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ìgbà yẹn gan-an ni ẹni tó ti ń dákẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lanu. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun nídìí iṣẹ́ yìí á sanwó.

Ohun tó wúlò jù fún onílàjà lórí Zoom ni breakout room, ìyẹn yàrá ọ̀tọ̀ nínú ìpàdé kan náà. Nínú ìlàjà, ó máa ń dé ibì kan tí ọ̀rọ̀ kò ní lọ síwájú mọ́ àfi bí onílàjà bá fa ẹnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nílé, á pè é lọ sẹ́yìnkùlé, àwọn tó kù á jókòó sí pálọ̀, wọ́n á máa ka ìṣẹ́jú, wọ́n á máa wo ojú rẹ̀ bó bá wọlé. Lórí Zoom, á fi apá kan sí yàrá kìíní, apá kejì sí yàrá kejì, òun nìkan ni yóò máa lọ, tí yóò máa bọ̀. Ẹ̀gbọ́n tí kò ní sọ ọ́ létí àbúrò rẹ̀ láéláé pé òun ti jẹ lára owó ilẹ̀ náà á lè sọ ọ́ níbẹ̀. Kí onílàjà tó jáde, á bi í pé èwo nínú ohun tí ẹ sọ ni kí n gbé lọ, èwo ni kó dúró síbí? Ìdáhùn yẹn ló ń kọ sílẹ̀, lórí bébà. Ẹni tó sì ń dúró ní yàrá kejì, kó sọ iye ìṣẹ́jú tí òun máa lò fún un, torí ẹni tí wọ́n pa tì síwájú fóònù máa ń rò pé wọ́n ti ń gbìmọ̀ lé òun lórí.

Àṣírí tún lè gba ibi tí ẹ̀rọ kò mọ̀ jò. Bàbá gbé fóònù ti agolo Milo, ó tan sípíkà, ìyàwó ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, aládùúgbò wá kí i, ‘Ọ̀kun o’, ó sì jókòó. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, onílàjà á ní kí oníkálukú yí kámẹ́rà ká yàrá, kó sọ ẹni tó wà níbẹ̀. Bí bàbá kò bá gbọ́ran dáadáa, ìdẹkùn kan wà níbẹ̀: bí onílàjà fúnra rẹ̀ bá lọ jókòó tì í ní Ìsánlú, àwọn tó wà lókè òkun á ní ó ti lọ jẹun nílé bàbá. Olùrànlọ́wọ́ tí gbogbo wọn fọwọ́ sí ni kó rán. Gbígba ohùn sílẹ̀, rárá. Bí bọ́ọ̀tì AI tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bá sì bá ẹnì kan wá, ẹnu ọ̀nà ni kó ti dá a padà. Bí onílàjà bá fẹ́ fi ìwé hàn, ìwé yẹn nìkan ni kó fi sójú Zoom, kì í ṣe gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, kí iṣẹ́ WhatsApp tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ má baà yọ lójú gbogbo wọn.

Ti ilẹ̀ tún gba ọgbọ́n tirẹ̀. Google Earth lè fi bí oko ṣe rí ní ọdún tó ti kọjá hàn, ìyẹn sì máa ń pẹ̀tù sí ìjà lórí ẹni tó kọ́kọ́ gbin kaṣú síbì kan. Fóònù tún lè fi ibi tí ènìyàn dúró sí hàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ní gbangba, tí igi kò bo ojú ọ̀run, GPS fóònù lè fi nǹkan bíi mítà márùn-ún ṣì í, lábẹ́ igi á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pílọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní 50 ẹsẹ̀ bàtà, tó gùn ní 100, kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ níwájú. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ti lè lọ sínú àṣìṣe. Nítorí náà, kí tọ̀tún-tòsì jọ rin ààlà, kí wọ́n ya fọ́tò pèrègún kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó wà ní Chicago máa wò ó lórí fídíò. Fún bíkìnnì, ìyẹn òpó tí wọ́n ń rì sí ààlà, sọ̀fíyọ̀ ni kí wọ́n pè.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ sójú kan, onílàjà á máa tẹ àdéhùn lójú gbogbo wọn, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a tẹ̀ ẹ́. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, tí wọ́n tún ṣe ní 2023, gba ìbuwọ́lùwé orí ẹ̀rọ, nítorí náà ẹni tó wà lókè òkun kò nílò láti wọ bàálù. Síbẹ̀, fún ilẹ̀ ẹbí, ó dára kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i lórí bébà. Bí bàbá bá fẹ́ tẹ̀ka, kí wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹnì kan báyìí ti ka ìwé náà fún un ní èdè tó gbọ́, ó sì yé e kó tó tẹ̀ka. Fídíò kékeré tí wọ́n ti ń kà á fún un kò burú, bí gbogbo wọn bá gbà.

Iná àti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ẹ ti mọ ìyẹn: síìmù ilé iṣẹ́ méjì, sólà tàbí páwà báńkì, àti àdéhùn ṣáájú pé bí Zoom bá já, ìpè fóònù lásán ni wọ́n máa fi parí rẹ̀.

Báwo wá ni oníbàárà ṣe ń mọ onílàjà, nígbà tí kò lè polówó ìjà tó ti parí? Kò lè gbé fọ́tò ẹbí tó bá parí ìjà wọn sójú Facebook, kódà bí inú wọn bá dùn. Ohun tó lè gbé síbẹ̀ ni àlàyé: kí ni ìlàjà, èló ló ń náni, kí ni olórí ẹbí lè tà àti èyí tí kò lè dá tà. Ìwé ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, bíi ti Institute of Chartered Mediators and Conciliators, náà dára lójú ìwé rẹ̀. Àwọn lọ́yà, pásítọ̀, àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Èkó àti Àbújá ló ṣì ń darí ẹjọ́ sí i jù, kí ó máa fi ìkéde tó ṣe kókó ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo orúkọ àti ìwé tó bá gbà, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ènìyàn, Nigeria Data Protection Act ti oṣù Kẹfà ọdún 2023, ń ṣọ́ ọ lórí wọn: kó fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì wọ́n, kó sì pa wọ́n rẹ́ nígbà tó bá yẹ. Ká sì da ìtàn ẹbí kan sínú ChatGPT kó bá wa ṣe àkópọ̀ rẹ̀, ìyẹn ò yàtọ̀ sí ká rò ó fún àjèjì.

Owó iṣẹ́ ni ó kù. Tọ̀tún-tòsì ló yẹ kó san án dọ́gba, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, nípa tíránsífà sí àkáǹtì iṣẹ́, kì í ṣe sí àkáǹtì onílàjà fúnra rẹ̀. Bí ará Chicago bá ní òun á san ti gbogbo wọn, torí dọ́là rọrùn fún òun, kí onílàjà kọ́kọ́ sọ ọ́ fún àbíkẹ́yìn tó ń dáko. Bí ó bá gbà, ìwé owó kan náà ni kí ó fi ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìṣẹ́jú kan náà, pẹ̀lú iye tí oníkálukú san níbẹ̀.