Páànù Ni Kí Ẹ Rà: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹni Tó Fẹ́ Tún Peugeot 504 Kúpé Àkọ́kọ́ Rẹ̀ Ṣe

Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó bá wá sọ fún mi pé òun ti rí ọkọ̀ àtijọ́ kan tí òun fẹ́ tún ṣe ni pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ o!” Inú rẹ̀ á máa dùn. Èmi á wá bi í pé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ ńkọ́, ilẹ̀ inú ọkọ̀ ńkọ́, ṣé ó ti fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò? Níbẹ̀ lọ̀rọ̀ á ti dákẹ́.

Ọkọ̀ asáré ìgbà àtijọ́ tí a bá máa tún ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, lẹ́bàá ọ̀sà, páànù rẹ̀, ìyẹn irin ara rẹ̀, là ń rà. Ẹ́ńjìnnì kàn bá a wá ni.

Èyí tí mo máa ń dárúkọ fún ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí ni Peugeot 504 kúpé, onílẹ̀kùn méjì. Ọdún 1968 ni 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin jáde. Ní 1969 ni kúpé àti èyí tó ń ṣí orí tẹ̀ lé e, Pininfarina ní Ítálì ló ya àwòrán àwọn méjèèjì, òun ló sì ń ṣe ara wọn títí di 1983. Ẹ́ńjìnnì 1796 cc ló kọ́kọ́ gbé, lẹ́yìn náà ó di 1971 cc, V6 (onísílíńdà mẹ́fà) oní 2664 cc sì dé ní 1974. Ẹni tó bá rò pé ọkọ̀ ọlọ́jà ni Peugeot, kó rántí pé kúpé V6 ni Jean-Pierre Nicolas fi gbégbá orókè nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1978, lórí ẹrẹ̀ àti òkúta.

Àmọ́ ìdíje yẹn kọ́ ló mú kí n máa dárúkọ rẹ̀. Nàìjíríà tó múlé tì wá ni. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to 504 pọ̀ ní Kàdúná, wọ́n sì tò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá gba ẹnubodè Sèmè tàbí Ìgólò kọjá láàárọ̀, tó dé ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, lè rí rìngì, gáskẹ́ẹ̀tì, bẹ́ríǹgì, páàdì búrẹ́kì, àní odindi ẹ́ńjìnnì 1971 cc rà. Ẹ́ńjìnnì yẹn kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ kúpé onísílíńdà mẹ́rin. Nítorí náà, onísílíńdà mẹ́rin ni kí ẹ wá. Ohùn V6 dùn lóòótọ́, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ fi ṣe ọkọ̀ àkọ́kọ́ tirẹ̀.

Ohun tí Ládípọ̀ ò lè fún yín wá ni ara ọkọ̀. Kúpé kì í ṣe 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin tí wọ́n gé ilẹ̀kùn méjì kúrò lára rẹ̀. Láti àárín tàyà iwájú dé àárín tàyà ẹ̀yìn, onílẹ̀kùn mẹ́rin jẹ́ mítà 2.74, kúpé jẹ́ 2.55. Gíláàsì iwájú, ilẹ̀kùn, iná ẹ̀yìn, bọ́ńpà, irin tín-ín-rín tó ń dán létí fèrèsé, kò sí ọ̀kan tí ẹ máa yọ lára taksí àtijọ́ tó máa bá kúpé mu. Mo ti rí ẹni tó ra kúpé tí kò ní iná ẹ̀yìn méjèèjì nítorí pé owó rẹ̀ wálẹ̀. Owó tó fi wá iná náà kiri ì bá ra ẹ́ńjìnnì, kó sì ṣẹ́kù. Ẹgbẹ́ L'Aventure Peugeot, tó ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Sochaux nílẹ̀ Faransé, máa ń ta àwọn ẹ̀yà kan tí wọ́n tún rọ, àmọ́ ẹ fi owó ọkọ̀ òfuurufú àti ti aṣọ́bodè kún un. Kúpé tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gan pa, tí gbogbo ohun ara rẹ̀ pé, sàn ju èyí tó ń sáré lọ tí bọ́ńpà rẹ̀ ò sí.

Ẹ wo ínjẹ́ṣọ̀n náà pẹ̀lú, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì. Ti ìgbà yẹn kì í lo kọ̀ǹpútà, irin ló ń pín epo fún irin, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ò sì pọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti yọ ọ́ sọ nù, wọ́n fi kábúrétọ̀ ti onílẹ̀kùn mẹ́rin rọ́pò. Èyí ò burú fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, kódà ó rọrùn fún un. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń tà á pé níbo ni wọ́n kó èyí tí wọ́n yọ sí, kí ẹ sì gbà á pẹ̀lú ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ inú àpò sìmẹ́ńtì ló wà.

Ibi tí ọkọ̀ ti gbé ṣe pàtàkì ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Èyí tó ti pẹ́ ní Kútọnu, tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ lù, iyọ̀ á ti bá a jẹun. Ti Àjàṣẹ́ sàn díẹ̀, àmọ́ ọ̀rinrin ọ̀sà kì í jẹ́ kí irin gbẹ tán. Tí mo bá gbọ́ pé ọ̀kan wà ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, tí ó wà lábẹ́ òrùlé, lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́, mo máa ń múra ìrìnàjò. Èyí tí wọ́n gbé sórí koríko, níbikíbi tó bá wà, ẹ fura sí i.

Tí ẹ bá ń lọ wò ó, ẹ mú òòfà kékeré tí ẹ fi aṣọ wé dání, tọ́ọ̀ṣì, sukurudíráífà tí ẹnu rẹ̀ ò mú, àti aṣọ tí ẹ lè fi dùbúlẹ̀. Ẹ máa gbé òòfà náà káàkiri ara ọkọ̀, pàápàá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ibi tí páànù ti yí tàyà po. Níbi tí òòfà bá ti kọ̀ láti di ara rẹ̀ mú, mástíìkì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀, ló wà níbẹ̀, ó sì lè nípọn bí ẹ̀kọ. Ẹ wá gbé kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí búùtù, ẹ yọ tàyà àpọ̀jù, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá omi ń dúró síbẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo orí ibi tí ṣọ́ọ̀kì iwájú ti wọlé sára páànù, ọ̀tún àti òsì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ fi sukurudíráífà tẹ páànù gígùn tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti so mọ́ ara ọkọ̀. Ìpẹtà ojú lásán kì í ṣe nǹkan. Tí irin bá ń fọ́ wúruwúru, tí sukurudíráífà bá wọlé, tó sì jẹ́ ibi tó ń gbé ẹrù ọkọ̀ ni, ẹ dìde, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé, ẹ máa lọ.

Ẹ má tíì sanwó o. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ báyìí ló jẹ́ ti bàbá tó ti kú, tó wà nínú agboolé láti ìgbà náà. Ọmọ kan ló máa pè yín wá, á sọ pé òun ni àkọ́bí. Ẹ kí i dáadáa, kí ẹ wá béèrè àwọn yòókù. Nílẹ̀ wa, ohun ogún kì í ṣe ti ẹnì kan, àbúrò tó wà ní Gàbọ́ọ̀nù lè dé lọ́jọ́ tí ẹ bá kun ọkọ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí ẹbí fọwọ́ síwèé pé àwọn jọ tà á. Ẹ gba kátì gíríìsì, ìyẹn ìwé ọkọ̀, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ wé èyí tí wọ́n tẹ̀ sára irin ọkọ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ ANaTT, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà ojú ilẹ̀, kí ẹ tó mú ọkọ̀ lọ síbi kankan. Ìwé tí kò bá nọ́ńbà mu á sọ iṣẹ́ yín di irin àlòkù.

Nígbà tí ọkọ̀ bá délé, ẹ wá òrùlé fún un. Tápólì tí ẹ bá fi bò ó mọ́lẹ̀ pinpin nígbà òjò á ká ooru àti omi mọ́ inú, á sì ṣe iṣẹ́ tí òjò ò lè ṣe. Tápólì tó bá ga lókè, tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ìyẹn dára. Kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ fi fóònù ya á ní àwòrán láti ọ̀nà mẹ́ta. Nọ́ọ̀tì ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ dì í sínú ọ̀rá tirẹ̀, ẹ kọ orúkọ ibi tó ti wá sára rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wa fẹ́ràn kí wọ́n da gbogbo nọ́ọ̀tì sínú agolo mílíìkì kan ṣoṣo. Ẹ bá mi gba agolo náà lọ́wọ́ wọn. Ẹ má sì tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ tí ẹ bá tú tán ní ọ̀sẹ̀ kan, tí owó wá tán, inú àpótí ló máa kú sí.

Búrẹ́kì ṣáájú ẹ́ńjìnnì. Epo búrẹ́kì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, omi yẹn á sì jẹ irin láti inú. Rọ́bà tó gbé epo lọ síbi tàyà lè máa dán lójú, kó ti wú dí pa nínú. Gbogbo rọ́bà yẹn ni kí ẹ pààrọ̀, ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò. Epo búrẹ́kì DOT 4 ni kí ẹ rọ sí i. Epo aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní LHM, ti Citroën ni. Tí ẹnikẹ́ni bá rọ ọ́ sí Peugeot yìí, gbogbo rọ́bà búrẹ́kì ló máa bà jẹ́.

Ní ti ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́ tó ti sùn, ẹ má ṣe fi bátìrì jí i. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ rọ epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá fi sípánà yí i láti iwájú, díẹ̀díẹ̀. Tí ó bá yí, ẹ wọn ìfúnpá sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá fi púpọ̀ rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù, ẹ rọ epo ẹ́ńjìnnì ṣíbí kan sí i, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá gòkè, rìngì ló ti jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gáskẹ́ẹ̀tì orí ni.

Oore ńlá wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí: sílífù rẹ̀, ìyẹn irin roboto tí písítìnnì ń sáré nínú rẹ̀, kì í ṣe ara irin ẹ́ńjìnnì, inú omi ló dúró sí, a lè yọ ọ́ ká fi tuntun sí i pẹ̀lú písítìnnì rẹ̀, láìgbé e lọ sílé agbẹ́rin. Oore yẹn náà ní ìjàǹbá tirẹ̀. Tí ẹ bá ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ẹ fi irin àti bóòtì di àwọn sílífù náà mọ́lẹ̀ kí ẹ tó yí ẹ́ńjìnnì rárá. Bí wọ́n bá gbéra díẹ̀, èdídì ìsàlẹ̀ wọn ti bàjẹ́ nìyẹn, omi á máa jò sínú epo, mẹkáníìkì á sì máa pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì orí láìmọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Orí náà, alumíníọ̀mù ni, ooru àpọ̀jù á tẹ̀ ẹ́ wọ́. Ẹ má rọ omi kànga sí rádíétọ̀. Fáànù rẹ̀ máa ń fi iná mànàmáná di ara rẹ̀ mú nígbà tí omi bá gbóná. Tí kábọ́ọ̀nù kékeré tó ń gbé iná dé ibẹ̀ bá jẹ tán, fáànù ò ní yí. Ẹ wò ó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá rádíétọ̀ lẹ́bi.

Ẹ fọ táńkì epo kí ẹ tó rọ ohunkóhun sí i, kí ẹ sì fi fílítà sí ojú ọ̀nà epo. Kpayo, epo fàyàwọ́ inú ìgò tí wọ́n ń tà létí títì, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má rà á, mo mọ iye tí wọ́n ń tà á. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun ni kábúrétọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe máa kọ́kọ́ tọ́ wò.

Iṣẹ́ páànù ló máa gba owó jù. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ gbé e fún, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: kó tó gé páànù ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kí ló máa ṣe? Tó bá ní òun á kọ́kọ́ jó irin ìdábùú sáàárín ẹnu ilẹ̀kùn kí ọkọ̀ má bàa tẹ̀, pé ẹ̀gbẹ́ kan lòun máa ṣe tán kí òun tó gé èkejì, àti pé òun á máa ti ilẹ̀kùn wò kí òun tó jó o pa, ẹ jókòó tì í. Tó bá ní “Ẹ fọkàn balẹ̀, mástíìkì á bò ó,” ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò. Fún èyí tó ń ṣí orí, ọ̀rọ̀ yìí lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò ní òrùlé tó máa mú ara rẹ̀ dúró.

Ọ̀dà eérú àkọ́kùn tí wọ́n máa ń fín sí páànù, omi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ tí wọ́n bá fín in sí ní oṣù kẹfà, tí wọ́n wá gbé síta de owó ọ̀dà, ìpẹtà ti ń hù lábẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè ọ̀dà àkọ́kùn ẹ̀pọ́sì, oníagolo méjì. Ọ̀dà gan-an, ẹ jẹ́ kó di ìgbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, kí wọ́n wọ́n omi sílẹ̀ ibi iṣẹ́ kí eruku má bàa gbéra. Àwọ̀ tó wù yín ni kí ẹ kùn ún, kò kàn mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fẹ́ràn pupa yẹn.

Wáyà: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e kó fi tépù dí i. Èyí tó bá ti gan, ẹ pààrọ̀ odindi.

Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ìjọba kí ẹ tó gbé e sójú títì. Lẹ́yìn náà, láàárín ìlú ni kí ẹ kọ́kọ́ máa gbé e rìn, láti Wàndó sí etí ọ̀sà, kí ó má jìnnà sílé. Tí ẹ bá dé, ẹ fún nọ́ọ̀tì tàyà mọ́lẹ̀, kí ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ́jú. Tí ẹ bá rí i pé ó kán sílẹ̀, ẹ wò ó bóyá omi ni, epo ẹ́ńjìnnì ni, tàbí epo búrẹ́kì. Ti búrẹ́kì nìkan ni kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì. Epo ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́, ẹ dà á nù ní 500 kìlómítà, fílítà rẹ̀ pẹ̀lú.