Ìrókò ni mo rà, kí ló dé tí ikán fi jẹ ẹ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí igi inú ilé àti igi ìta

Ìyá mi ta pákó ní Bódìjà, n'Íbàdàn, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú títí agbára rẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Ẹ̀gbẹ́ pákó tí wọ́n tò jọ ni mo ti máa ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé, mo sì mọ òórùn ìrókò tútù kí n tó mọ ìwé kà dáadáa. Nítorí èyí, bí ará tàbí aládùúgbò bá ń kọ́lé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yà sí. Ohun tí wọ́n ń bi mí jù nìyí.

Gbogbo ayé ló ní ikán kì í jẹ ìrókò. Ìrókò ni mo rà, ojú mi ni wọ́n ṣe là á. Kí ló dé tí ikán fi jẹ férémù ilẹ̀kùn mi láàárín ọdún méjì?

Wọn ò parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ìtì igi ní ara, ó sì ní inú. Ara ni ibi tó funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo. Ibẹ̀ ni omi ń gbà gòkè lọ sí ewé nígbà tí igi wà láàyè, ibẹ̀ náà ló sì ń tọ́jú oúnjẹ rẹ̀ sí. Inú ni ibi tí kò gbé omi mọ́, tí igi ti fi oje kíkorò dí, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣókùnkùn. Oje yẹn ni ikán ń sá fún, òun náà ni kì í jẹ́ kí igi tètè jẹrà. Ara ìrókò kò ní in. Ikán tó bá dé ara ìrókò, oúnjẹ ló bá pàdé.

Férémù ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé ìyá mi ló kọ́ mi ní èyí. Etí rẹ̀ kan funfun, kò ju ìbú ìka kan lọ. Ikán gùn ún láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n jẹ funfun yẹn tán, wọ́n sì dúró gẹ́lẹ́ níbi tí àwọ̀ ti yí padà, bí ẹni pé ẹnì kan fa ìlà fún wọn. Ìyókù férémù náà ṣì wà lára ògiri dòní.

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ gé ìrókò á kọ́kọ́ ṣètùtù fún Olúwéré tí wọ́n gbà pé ó ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀rù yẹn jẹ́ kí igi dàgbà, kí inú rẹ̀ sì tóbi. Lónìí, wọ́n ń gé igi tí kò tíì gbó, ara funfun ló sì máa ń pọ̀ nínú pákó rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ alápákó, ẹ má béèrè ìrókò lásán. Ẹ ní, "Inú ìrókò ni mo fẹ́." Ẹ yí pákó náà padà, ẹ wo etí rẹ̀ méjèèjì. Èyí tí funfun bá wà lára rẹ̀, kí káfíńtà gé funfun náà dànù kó tó fi ṣe ohunkóhun. Ó dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n fi pólíìṣì dúdú bo funfun mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì gba owó inú igi lórí rẹ̀.

Igi wo ló wá dára jù?

Kí n tó dáhùn, èmi náà á béèrè: níbo ló máa dúró? Ṣé ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wọ̀? Ṣé òjò máa bà á, àmọ́ kò ní kan ilẹ̀? Àbí inú pálọ̀ ló máa jókòó sí títí láé? Igi tó yẹ ọ̀kan lè jẹ́ òfò níbi kejì.

Ní ìta, inú ìrókò, inú apá, ọ̀pẹ̀pẹ̀ àti tíìkì tó gbó ni mo fọkàn tán. Apá wúwo, kì í sì wú tàbí sún púpọ̀ bí ojú ọjọ́ bá yí padà. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ pọ́n bí osùn tí wọ́n fi omi là, ó sì le. Ẹ fi díríìlì lu ihò fún un kí ẹ tó kan ìṣó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè là. Ìdígbó náà lè wà níta bí kò bá kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan: bí omi bá bà á, àwọ̀ òféèfèé kan máa ń ṣàn jáde lára rẹ̀ tó lè ba ògiri funfun jẹ́. Bí ìṣó irin lásán bá wà lára rẹ̀, ojú ìṣó náà á dúdú bí ẹni da yíǹkì sí i. Ìṣó tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò.

Arère àti afárá? Ẹ má gbé wọn síta. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti fá, ó dára fún àjà, fún dúróà àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Afárá náà lẹ́wà nínú ilé. Àmọ́ àwọn kòkòrò kéékèèké kan wà tó fẹ́ràn oúnjẹ inú ara igi bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun kúnná lábẹ́ àga tuntun, àwọn ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi oògùn igi tó ní bórákísì ra pákó kí wọ́n tó kàn án. Inú ilé nìkan ni ti bórákísì, nítorí òjò ń fọ̀ ọ́ kúrò.

Ọ̀gànwó, tí àwọn mìíràn ń pè ní màhógánì, ni mo máa ń dárúkọ fún bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì oúnjẹ. Kò lágbára ikán tó ìrókò, àmọ́ inú ilé ni ibùgbé rẹ̀, àwọ̀ pupa rẹ̀ sì ń jinlẹ̀ sí i bó ṣe ń pẹ́.

Ilẹ̀kùn mi kì í pa dé nígbà òjò. Bí ọyẹ́ bá dé, ojú ihò máa ń là láàárín pákó rẹ̀. Ṣé káfíńtà ló bà á jẹ́?

Ó lè jẹ́ káfíńtà, ó sì lè jẹ́ ìkánjú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé. Pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìlagi dé kún fún omi. Bó ṣe ń gbẹ, kì í kúrú, ṣùgbọ́n ó máa ń sún ní ìbú. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi pákó tútù kàn nínú oṣù keje, ọyẹ́ oṣù kejìlá ló máa tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ ò nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi láti mọ̀ bóyá pákó gbẹ. Ẹ ní kí káfíńtà gé ègé kékeré fún yín láti àárín pákó, kì í ṣe láti ìparí rẹ̀, torí ìparí máa ń tètè gbẹ, á sì tàn yín jẹ. Ẹ fi òṣùwọ̀n ìdáná wọn ègé náà. Ẹ gbé e sínú óòfùn tí ooru rẹ̀ wà ní nǹkan bí 100 lórí ìwọ̀n Celsius, ẹ máa yọ ọ́ wọ̀n títí tí kò fi ní fúyẹ́ sí i mọ́. Ká ní ó jẹ́ gíráàmù 500 tẹ́lẹ̀, tó wá di 400. Omi gíráàmù 100 ló jáde lára igi gíráàmù 400, ìyẹn 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó tutù jù. Igi inú ilé níhìn-ín máa ń fìdí kalẹ̀ sí nǹkan bí 12 sí 15. Bó bá ti wọ ìsàlẹ̀ 20, tó sì dúró síbẹ̀, kì í jẹrà.

Ẹ tún wo ìdí pákó níbi tí ayùn ti gé e kọjá. Bí ẹ bá rí i tí àwọn ìlà rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, pákó yẹn á sún ní bí ìlọ́po méjì èyí tí ìlà rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó sì lè ká bí abọ́. Ẹ fi èyí tó dúró ṣánṣán ṣe ilẹ̀kùn.

Àga ìrókò tó wà lábẹ́ igi máńgòrò wa ti di eérú eérú. Ṣé ó ti ń jẹrà ni?

Rárá. Oòrùn àti òjò ló yí àwọ̀ ojú rẹ̀ padà. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á díẹ̀, ẹ ó rí àwọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn àwọ̀ àtètèkọ́ṣe lè máa fi òróró igi pa á lọ́dọọdún.

Ṣé kí n fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú kun ún nítorí ikán?

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń fi kun igi òrùlé. Ojú igi ló ń dúró sí, kì í wọlé jinlẹ̀, ìdọ̀tí olóró inú rẹ̀ kò sì yẹ níbi tí ọmọ ń sùn. Ẹ ra oògùn igi gidi, kí ẹ sì fi ra orí gígé pákó dáadáa ju ibi yòókù lọ, torí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé kíákíá jù.

Mo fẹ́ fi igi ṣe òpó fún ibi ìgbafẹ́ ẹ̀yìn ilé. Kí n ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ inú kọnkéré ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi á dúró láàárín igi àti kọnkéré, kò ní rọ́nà jáde, ibẹ̀ gan-an ni òpó á ti gé. Ẹ ri irin mọ́ inú kọnkéré, kí òpó jókòó lórí irin náà, kí àlàfo ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ilẹ̀. Kí etí òrùlé sì yọ síta dáadáa. Òpó tí Olówè Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ọ̀gọ̀gà Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914, èyí tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Chicago lónìí, abẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Òjò kò fi ojoojúmọ́ nà án.

Ọmọ mi ní Manchester fẹ́ kí n kàn tábìlì ránṣẹ́ sí òun. Ṣé ó bójú mu?

Ó bójú mu, bí ẹ bá sọ ibi tó ń lọ fún káfíńtà. Nígbà òtútù, ẹ̀rọ amúlémóoru ń gbẹ afẹ́fẹ́ ilé wọn débi tí omi inú igi fi lè bọ́ sí nǹkan bí 8 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Tábìlì tó ti fìdí kalẹ̀ níhìn-ín á tún sún níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi gọ́ọ̀mù àti ìṣó de ojú rẹ̀ pinpin, á là. Kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ níbi tí ìdè bá wà, kí ojú tábìlì lè rìn. Kí ẹ sì yẹ ìwé wò kí ẹ tó yan igi: ní 2022, CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti igi tó lè run, fi apá àti ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà sára igi tí òwò wọn láàárín orílẹ̀-èdè nílò ìwé àṣẹ.

Ìrókò gidi ti wọ́n ju owó mi lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ lo tíìkì. Wọ́n ń gbìn ín ni, ó pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, òun ni ọ̀pọ̀ òpó iná tí ẹ ń rí lójú títì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ara àti inú tún dé: tíìkì ọlọ́dún díẹ̀, funfun ló pọ̀ lára rẹ̀, kò sì ní pẹ́ níta bí èyí tó gbó. Ẹ wá èyí tí inú rẹ̀ pọ́n bí oyin. Gmelina, tí wọ́n gbìn lọ súà nínú igbó Ọmọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, dára fún kọ́bọ́ọ̀dù àti àjà. Ẹ má gbé òun náà sínú òjò. Bí owó bá ká ìrókò díẹ̀, ẹ fi ṣe férémù ilẹ̀kùn àbáwọlé àti ìlóro rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti sún mọ́ igi jù, kí ẹ sì fi igi tó rọjú ṣe ìyókù.